Bàbá Tó Ń Bi Agbábọ́ọ̀lù Léèrè Ìlú Bàbá Rẹ̀

Ẹni ọdún mẹ́jọ ni mí lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù mú mi. Mo jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré bàbá àgbà mi, létí pápá oníyanrìn kan ní Báhrà, ìlú kékeré tó wà lójú ọ̀nà Jẹ́dà sí Mẹ́kà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, a ti kírun Aláásárì, oòrùn sì ṣì ń jó yanrìn. Atamátàsé ẹgbẹ́ kejì ti sá dé ẹ̀gbẹ́ àwọn èèyàn wa tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ó nawọ́ sókè, ó ń pariwo pé kí wọ́n gbá a sí òun. Bàbá àgbà mi kò sáré, kò jánpata. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kígbe: "Ẹ jáde!"

Àwọn adíléémú wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé ẹsẹ̀ méjì síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé okùn kan ló fà wọ́n. Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó gbá a, ọkùnrin yẹn nìkan ló kù lẹ́yìn. Fèrè dún. Ọ́fúsáìdì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò mọ ohun tó ṣe òun.

Nígbà tí bàbá àgbà mi padà sídìí ọkọ̀, mo fi èdè Lárúbáwá bi í pé kí ni wọ́n ṣe fún ọkùnrin náà. Ó ń wo iwájú bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo àwa ọmọ tí wọ́n bí sí Sáúdí nìyẹn: tó ò bá sọ Yorùbá, o ò tíì sọ̀rọ̀. Mo tún bi í ní Yorùbá. Ó wá ní: "A ò ṣe é ní nǹkan kan, Àbẹ̀kẹ́. A kàn ṣí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ wọn pápá. Ti Báhrà yẹn jẹ́ ìṣísẹ̀ méjìléláàádọ́rùn-ún ní gígùn, ó sì rọra dà sí apá ìwọ̀-oòrùn, tó fi jẹ́ pé bọ́ọ̀lù tí a bá gbá nílẹ̀ lọ síbẹ̀ a máa yára ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Tẹlifíṣọ̀n ni mo fi kọ́ ọ, àti àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n fi ń di bàtà, àti ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́rìnlélógún tí mo ti kọ nǹkan kún títí di òní. Nínú èyí tó ṣáájú gbogbo wọn, lójú ìwé àkọ́kọ́, mo kọ iye àwọn agbábọ́ọ̀lù wa lọ́jọ́ náà: mọ́kàndínlógún. Mo ti ń ka iye yẹn láti ìgbà náà. Ó dé ìgbà kan tí ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí láti kà á.

Àlàájì Ràímì lorúkọ bàbá àgbà mi. Bàbá Òfin ni àwọn agbábọ́ọ̀lù ń pè é lẹ́yìn. Bàbá tirẹ̀ ló kúrò ní Ìsẹ́yìn wá ṣe Hájì tí kò padà sílé mọ́, wọ́n sì bí òun sí yàrá kan ní Tándábáwì, àdúgbò àtijọ́ kan ní Mẹ́kà tí ilé rẹ̀ gun ara wọn lórí òkè. Àwa Yorùbá wà níbẹ̀, àwọn Haúsá wà níbẹ̀, àwọn ará Ṣáàdì, Bọ́mà àti Báńgíládéṣì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún bàtà àti àpò àwọn arìnrìn-àjò ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Bẹ́ẹ̀dì náà gan-an wà nínú ẹ̀.

Ilé tí wọ́n bí i sí ló gbé títí tó fi lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Síbẹ̀, orí ìwé ìgbélùú lásán ló gbé ayé náà, èyí tí à ń pè ní ìkámà, tó ń tún un gbà déédéé lábẹ́ kafíìlì, ìyẹn ọmọ onílùú tó ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ ọlọ́pàá bá ń kọjá, á dá ọ̀rọ̀ dúró láàárín, á sì tún bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti dá a dúró nígbà tí ọkọ̀ náà bá ti lọ. Ó ní ìgbà kan tí mo gba káàdì rẹ̀ wò. Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi kọ Nàìjíríà síbẹ̀, ìlú tí kò dé rí. Ó gbà á padà lọ́wọ́ mi, ó nù ún mọ́ aṣọ. "Ibí ni wọ́n bí mi sí," ó ní, "àmọ́ ibi tí bàbá mi ti wá ni wọ́n kọ mọ́ mi lórúkọ."

N kò tíì dáyé nígbà tí òfin ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, àmọ́ mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè yà á. Ilé tíì kan ló jókòó sí, tó ń wo bọ́ọ̀lù. Àwọn tó ń ṣàlàyé eré lórí tẹlifíṣọ̀n wá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ kan ní Sípéènì, ní ilẹ̀ àwọn tí wọ́n ń pè ní Báàsìkì, pé ọmọ ilẹ̀ wọn nìkan ni wọ́n ń lò. Gbogbo ẹgbẹ́ tó kù ń ra èèyàn kiri ayé, tiwọn kọ̀. Síbẹ̀ wọn kò tíì já kúrò ní ipele tó ga jù láti ọjọ́ tí líìgì náà ti wà. Bàbá àgbà mi kò mu tíì rẹ̀ tán. Ó délé, ó gé páálí bàtà, ó fi yíǹkì kọ ọ́ síbẹ̀: ỌMỌ WA NÌKAN. Ó kàn án mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Lójú tirẹ̀, ọmọ wa ni ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí bàbá àgbà rẹ̀ ti ilẹ̀ Yorùbá wá. Kò béèrè bí àwọn Báàsìkì ṣe ń ka tiwọn. Bí wọ́n ṣe ń fi ìlú bàbá ka òun níhìn-ín ló fi ń ka ẹlòmíì, ó sì gbà pé báyìí náà ni gbogbo ayé ṣe ń kà á. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù lójú rẹ̀, yóò kọ́kọ́ jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Kàmọ́rù wá, ẹni tó wá di balógun ẹgbẹ́ wa lẹ́yìn náà, tó sì ń wa bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò.

"Ìlú wo ni bàbá rẹ ti wá?"

"Ẹdẹ ni, sà."

"Ẹdẹ níbo? Agbo ilé wo?"

Òógùn bo Kàmọ́rù. "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, bọ́ọ̀lù ni mo wá gbá. Mi ò wá fẹ́ ọmọ yín."

Gbogbo àwọn tó dúró sẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà mi kò rẹ́rìn-ín. Ó wo bàtà Kàmọ́rù, apá kan ṣoṣo ló jẹ tán. "Ta ló máa fọmọ fún ọ? Wo bó o ṣe ń rìn. Ẹsẹ̀ òsì nìkan lo fi ń tẹlẹ̀." Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí ibi tí aṣọ ẹgbẹ́ wà pé kó mú ọ̀kan. Nígbà tí Kàmọ́rù lọ tán, ó sọ fún mi pé: "Ẹsẹ̀ tí kò dáa, mo lè tún un ṣe bí mo ṣe ń tún bàtà ṣe. Ibi tí èèyàn ti wá, ta ló máa tún ìyẹn ṣe?"

Ọgbọ́n kan tún wà nínú òfin náà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Yorùbá ni bàbá àgbà mi fi ń darí eré. Àṣẹ méje ló ní, kò sì sí èyí tó gùn ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: "Fẹ̀!", "Dì í!", "Yí i padà!", àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹgbẹ́ tó kù nínú líìgì ọjọ́ Jímọ̀ ń sọ Lárúbáwá. Òun á dúró létí pápá, á máa kígbe àṣírí wa sókè gan-an, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ohun tó ń sọ. Àwọn olùkọ́ wọn a máa bínú. Ọ̀kan lọ fi ẹjọ́ sun ìgbìmọ̀ líìgì pé ọfọ̀ ni àgbàlagbà yìí ń pè sí wọn. Bàbá àgbà mi gbádùn ẹjọ́ yẹn ju ife ẹ̀yẹ lọ. "Bá a bá jọ ń gbọ́ ara wa," ó máa ń wí, "kí la tún fẹ́ fi àlejò ṣe?"

Yákúbù kì í ṣe àlejò. Ojúlé wọn àti tiwa kọjú síra. Haúsá ni bàbá rẹ̀, ará Kánò, àmọ́ ìkòkò ìyá àgbà mi ni ìyá rẹ̀ fi ń se oúnjẹ nígbà ààwẹ̀, àárín àwa sì ni Yákúbù ti kọ́ rírìn, tó ti kọ́ èébú, tó ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Ẹni ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tó wá ṣe ìdánwò, òun ti di méjìdínlógún. Mo rí i tó gbé bọ́ọ̀lù láti àárín pápá, tó kọjá èèyàn mẹ́rin, tó fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rọra tì í sínú àwọ̀n. Gbogbo ẹgbẹ́ ń pàtẹ́wọ́. Bàbá àgbà mi pè é wá síbi àpótí.

"Ìlú wo ni bàbá rẹ ti wá?"

Yákúbù rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. "Àlàájì, ẹ kúkú mọ bàbá mi."

"Mo mọ̀ ọ́n. Èèyàn dáadáa ni. Ìlú wo?"

"Kánò."

Bàbá àgbà mi gbé bàtà Yákúbù tó bá a tún ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, ó fún un. "Lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn ẹ."

"Àwọn wo lèèyàn mi, Àlàájì? Iwájú ilé yín ni mo ti wá."

Bàbá àgbà mi ti mú bàtà ẹlòmíì, ó ń rán an. Yákúbù lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Sáhírì, àdúgbò kan tó tún wà ní Mẹ́kà níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó kojú wa, ó gbá méjì wọlé. Kò fò, kò nawọ́ sókè. Ó rìn wá síbi tí bàbá àgbà mi dúró sí, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìdúró, Àlàájì." Ohun tó ń ṣe nìyẹn lẹ́yìn góòlù kọ̀ọ̀kan fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo kọ gbogbo wọn sílẹ̀: mẹ́tàdínlógún. Bàbá àgbà mi máa ń dáhùn lọ́nà kan náà, láìwò ó lójú: "O kú iṣẹ́."

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo rí òfin àwọn Báàsìkì kà. Ẹni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ wọn, tàbí ẹni tó kọ́ bọ́ọ̀lù níbẹ̀, láti ibikíbi tí bàbá rẹ̀ ti wá. Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" bàbá àgbà mi béèrè.

"Mo kà á ni."

"O ti dé ọ̀dọ̀ wọn rí?"

"Ẹ̀yin náà ò dé ọ̀dọ̀ wọn rí."

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ti àwo fùùlù sí iwájú mi, ẹ̀wà rírọ̀ tí wọ́n ń fi búrẹ́dì jẹ láàárọ̀. "Jẹun," ó ní. "Ìwé ò ní yó ọ." Mo jẹun. N kò sọ̀rọ̀ òfin náà mọ́ fún ọdún púpọ̀, ìyẹn sì ni ohun tí mo ń kábàámọ̀ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn agbábọ́ọ̀lù wa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta láti ilé kan náà ló kọ́kọ́ lọ, kafíìlì bàbá wọn kò tún ìwé rẹ̀ ṣe: mẹ́rìndínlógún. Ọ̀kan rí iṣẹ́ sí Jẹ́dà, kò ráyè mọ́. Ọ̀kan fẹ́ ìyàwó lọ sí Tábúkù, ìlú kan tó jìnnà sí wa. Ọ̀kan ṣẹ́ orúnkún, kò sì sí ẹni tó rọ́pò rẹ̀: mẹ́tàlá. Àwọn ọmọ kan ń dàgbà ní Tándábáwì tí ẹsẹ̀ wọn dà bíi ti Yákúbù, ṣùgbọ́n páálí wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan la jí rí ọ̀dà pupa. Ilé mẹ́rin ní ìsàlẹ̀ òkè ni wọ́n kọ́kọ́ fọ́n ọn sí lára, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan ṣoṣo tó túmọ̀ sí pé kí ẹ kó kúrò. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti gòkè dé ilé ẹlẹ́ran. Kò sí ariwo. Wọ́n kàn ń bá iṣẹ́ wọn lọ ni, ọkùnrin méjì láti ọ́fíìsì ìjọba ìlú tó fẹ́ wó àdúgbò wa, pẹ̀lú agolo àti ìwé àwòrán ilẹ̀ ìlú. Wọ́n gé omi ní apá ìsàlẹ̀, wọ́n gé iná. Lálẹ́, èèyàn á yọjú lójú fèrèsé, á rí i pé òkùnkùn ti sún mọ́ ilé wa díẹ̀ sí i ju ti àná. Àwọn ẹyẹlé kò bà sórí àwọn ilé tó ṣófo náà. N kò mọ ìdí, mo kàn ń kọ ohun tí mo rí ni.

Mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn náà, mẹ́jọ.

Bàbá àgbà mi kò sọ̀rọ̀ nípa ọ̀dà náà. Àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí lọ́rọ̀ kan léraléra, ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́: "Bí wọ́n bá wó àdúgbò tán, ibo ni wọ́n máa sọ pé ẹgbẹ́ ti wá?" Ó wá ní, "Ilé lè lọ. Àmọ́ tí ẹgbẹ́ bá tún lọ, ó túmọ̀ sí pé a ò fìgbà kankan gbé ibí."

Àárín ìgbà yẹn ni mo kó gbogbo ìwé mi jáde. Mo fẹ́ mọ bí Yákúbù ṣe ń rí wa gbá. Mo to góòlù mẹ́tàdínlógún náà sílẹ̀: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ìṣẹ́jú tó gbá a, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Mo ti máa ń kọ igbe bàbá àgbà mi sílẹ̀ náà láti kékeré, nítorí pé mo fẹ́ràn wọn. Mọ́kànlá nínú mẹ́tàdínlógún ló wáyé lẹ́yìn "Ẹ jáde!" Àwọn adíléémú á gbé ẹsẹ̀ síwájú, Yákúbù á bá wọn gbé e, á wá gba ẹ̀yìn wọn jáde nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó gbá a. Kò ṣèèṣì lẹ́ẹ̀kan.

Ó ń gbọ́ wa. Nínú gbogbo líìgì náà, òun nìkan ló ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ.

Mo gbé ìwé náà lọ bá bàbá àgbà mi. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ ń mì. Nígbà tó kà á tán, ó pa ìwé náà dé, ó gbé e sórí itan. Ariwo ẹ̀rọ tó ń wólé ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè. "Mo gbàgbé pé ó gbọ́ Yorùbá," ó ní. Ó tún un sọ. "Ọmọ tí mo gbọ́ nígbà tó kọ́kọ́ ń pe omi, mo gbàgbé pé ó gbọ́ Yorùbá."

Síbẹ̀ kò yọ páálí náà kúrò. Mo sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé ó rọrùn.

Àwọn méje ló kù nígbà tí a fẹ́ kojú ẹgbẹ́ kan láti Jẹ́dà. Méje ni òfin bọ́ọ̀lù gbà pé ó kéré jù. Tí ẹ bá dín sí i, kò sí eré. Mẹ́fà ti wà ní pápá ní Báhrà. Kàmọ́rù tó jẹ́ balógun ló ń bọ̀ láti Mẹ́kà. Ó pè mí lórí fóònù nígbà tí mo ń ka àwọn bàtà.

"Àbẹ̀kẹ́, ọlọ́pàá dá wa dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n ń yẹ ìkámà wò."

"Tìẹ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dáa létí. "Tèmi ti kú láti oṣù mẹ́ta. Má sọ fún Bàbá Òfin. Sọ pé táyà ló jò." Mo gbọ́ ohùn ẹlòmíì, fóònù sì kú.

A kò rí Kàmọ́rù mọ́. Ó pe wá láti Ẹdẹ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ti lé e lọ sí Nàìjíríà. Lọ́jọ́ eré náà, rẹfirí dúró fún ogún ìṣẹ́jú, ó ka àwọn èèyàn wa, ó tún wọn kà, ó fọn fèrè. Ìgbìmọ̀ líìgì fún ẹgbẹ́ kejì ní góòlù mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ránṣẹ́ sí wa pé tí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn máa yọ orúkọ wa kúrò. Nígbà tí à ń padà lọ, bàbá àgbà mi ń wo òpópónà níbi tí wọ́n ti mú Kàmọ́rù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ ju kóònù rọ́bà méjì lọ. "Bí wọ́n ṣe ń kà wá kúrò nìyẹn," ó ní. "Èmi ni mo bá wọn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

Ohun tó kù, arìnrìn-àjò kan ló ṣe é, láìmọ̀. Ó wá ṣe úmúrà, ìyẹn Hájì kékeré, okùn bàtà rẹ̀ já, wọ́n júwe ṣọ́ọ̀bù wa fún un. Bó ṣe ń dúró, a jọ ń sọ Lárúbáwá, ó sọ pé ará Mòrókò lòun, àmọ́ ilẹ̀ Báàsìkì ni wọ́n bí òun sí. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá àgbà mi.

Ó béèrè nípa ẹgbẹ́ náà. Ọkùnrin náà ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ́."

"Ọmọ Mòrókò?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Hájì. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Ohun tí wọ́n ń béèrè nìyẹn."

"Wọn ò béèrè ìlú bàbá rẹ̀?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá àgbà mi béèrè ọ̀rọ̀ kan náà, pẹ̀lú gbólóhùn tó yàtọ̀ síra. Ó rán bàtà náà lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ, mo dúró kí ó wò mí. Kò wò mí. Ó gun àpótí, ó yọ páálí náà pẹ̀lú ìṣó rẹ̀. Ọdún tó ti wà níbẹ̀ ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ògiri abẹ́ rẹ̀ fi funfun ju èyí tó kù lọ. "Gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wá," ó ní. "Ìwọ lo máa wà mí lọ sí Báhrà. Ojú ń tì mí láti dá lọ."

Báhrà ni Yákúbù ti ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ ṣe. Abẹ́ ọkọ̀ ló wà nígbà tí a dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn síta. Bàbá àgbà mi dúró síbẹ̀ nínú oòrùn.

"Yákúbù."

Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, Yorùbá Tándábáwì pọ́ńbélé: "Ta nìyẹn tó ń pè mí bí ẹni fẹ́ gba owó orí?" Ó yọ jáde, ó rí wa, ó dìde dúró pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún òróró. "Àlàájì. Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ ti rìn jìnnà. Ṣé ooru ń mú ọkọ̀ yín ni?"

Bàbá àgbà mi ṣí fìlà rẹ̀. N kò rí i kó ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni rí, bóyá fún kafíìlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Mo ṣẹ̀ ọ́," ó ní. "Ojúlé wa lo ti wá, mo lé ọ. Mo wá tọrọ àforíjì."

Yákúbù nu ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Ọdún mélòó nìyí?"

"Àbẹ̀kẹ́ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀."

"Mẹ́rìndínlógún," mo ní.

"Góòlù mélòó?"

"Mẹ́tàdínlógún."

"Méjìdínlógún ni! Rẹfirí kan fagi lé ọ̀kan."

"Ọ́fúsáìdì nìyẹn. Èjìká rẹ ti kọjá."

"Èjìká! Èjìká mi ni mo fi gbá a?" Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà mi kò rẹ́rìn-ín, fìlà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́. Ni Yákúbù wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú òróró tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà, ó dé e padà fún un. "Ẹ má dúró sínú oòrùn, Àlàájì. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Orúnkún mi ń dún. Ẹ̀yìn ni màá máa gbá, mi ò lè sáré mọ́." Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tí n kò lè gbàgbé: "Àmọ́ ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé."

Ó pẹ́ lóòótọ́. Kíndìnrín bàbá àgbà mi ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, a kò tíì mọ̀. Yákúbù kó èèyàn méje mìíràn wá, gbogbo wọn ti dàgbà, gbogbo wọn ni wọ́n bí ní Tándábáwì: ará Ṣáàdì méjì, ará Bọ́mà mẹ́ta, ará Báńgíládéṣì kan, Haúsá kan. Gbogbo wọn ló mọ àṣẹ méje wa. Wọ́n ti ń gbọ́ ọ láti orí òrùlé láti kékeré, nígbà tí ẹgbẹ́ wa bá ń dánra wò ní àdúgbò. Nílé ìwòsàn, bàbá àgbà mi ní kí n ka orúkọ wọn fún òun, mẹ́rìnlá, pẹ̀lú mẹ́fà tiwa àtijọ́. Mo kà á díẹ̀díẹ̀, mo ń retí ìbéèrè rẹ̀ lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan. Kò béèrè nǹkan kan. Nígbà tí mo kà á tán, ó ní, "Tún un kà." Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó bá mi sọ nìyẹn. Ọjọ́ kẹta ló jáde láyé. Wọ́n kírun sí i lára ní Mẹ́kà, ìlú tí kò fi ọjọ́ kan jẹ́ tirẹ̀ lórí ìwé, wọ́n sì sin ín síbẹ̀.

Wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n ti wó ilé wa àti ilé àwọn Yákúbù lọ́jọ́ kan náà. Nínú àwọn mẹ́rìnlá, kò sí ẹni tó ṣì ń gbé Tándábáwì, nítorí pé kò sí Tándábáwì tí èèyàn lè gbé mọ́. Ìwé ìkámà àwọn mẹ́ta nínú wọn máa kú kí ọdún yìí tó parí. Àwọn kan sì ti wá ri òpó irin sí igun pápá Báhrà. Wọ́n ní ilé ìkẹ́rù ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá: ìṣísẹ̀ mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ló kù.

Eré mẹ́rin la ti gbá láti ìgbà tó ti kú. A pàdánù mẹ́ta: mẹ́rin sí ọ̀kan, méjì sí òdo, mẹ́ta sí ọ̀kan. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá la gbá ìkẹrin, pẹ̀lú Sáhírì, ẹgbẹ́ tí Yákúbù ń gbá bọ́ọ̀lù fún tẹ́lẹ̀. Yákúbù dúró ní àárín ẹ̀yìn fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú pẹ̀lú orúnkún tí wọ́n fi báńdéèjì dì. Mọ́kànlá ló bọ́ sí pápá, mọ́kànlá ló parí eré. Òdo sí òdo.